Mo ti pààrọ̀ dísìkì bíréèkì náà, ọ̀rọ̀ ti yanjú

Ẹ kú àdúrótì mi o. Mo sọ nígbà yẹn pé sítíárì ọkọ̀ mi ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi tí mo bá ti tẹ bíréèkì, àti pé dísìkì iwájú lápá ọ̀tún (irin pẹrẹsẹ tí bíréèkì ń fún mọ́ kí ọkọ̀ lè dúró) lẹ̀ mọ́ họ́ọ̀bù, ìyẹn irin tí a ń de táyà mọ́, kò ṣe é yọ. Ó ti yọ! Òòlù kọ́ ló yọ ọ́. Ihò kékeré méjì wà lójú dísìkì náà tí mi ò kà sí tẹ́lẹ̀. Mo ki bóòtù tó bá wọn mu bọ̀ wọ́n, mo ń yí wọn díẹ̀díẹ̀, tibí tọ̀hún, ni dísìkì bá tú.

Ìdí ìpata ojú họ́ọ̀bù ni mo pẹ́ sí jù. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á títí ó fi dán, torí bí ìdọ̀tí díẹ̀ bá kù níbẹ̀, dísìkì tuntun ò ní jókòó dáadáa, gbígbọ̀n yẹn á sì padà wá. Dísìkì iwájú méjèèjì ni mo pààrọ̀, pẹ̀lú páàdì wọn, ìyẹn ohun tó ń fún dísìkì mọ́ tá a bá tẹ bíréèkì.

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó wa ọkọ̀ jáde, ẹ tẹ bíréèkì léraléra títí yóò fi le. Tèmi wọlẹ̀ pátápátá nígbà àkọ́kọ́, àyà mi já.

Sítíárì ò gbọ̀n mọ́. Ẹ ṣeun gan-an.