Èsì: Orúkọ wo la ó fún púdíǹgì? “Àsèdì” ni mo dúró tì

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè wa.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ̀wé láti Ọ̀mù-Àrán ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Wọ́n ń ṣe ìwé kékeré kan fún àwọn ìyá ọlọ́mọ, lórí ohun dídùn tí èèyàn lè fi owó tí kò pọ̀ sè nílé, wọ́n sì bi wá léèrè ohun tí wọn ó máa pe púdíǹgì (“pudding” àwọn Gẹ̀ẹ́sì), ohun dídùn rírọ̀ tí wọ́n ń sè títí á fi dì. Ẹnì kan ní kí wọ́n kọ “púdíǹgì” bẹ́ẹ̀, kó parí. Ìyá wa kan ní Ìlọrin ní “ọ̀lẹ̀lẹ̀ dídùn”. Àbúrò wa kan mú “àdìdùn” wá. Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn dábàá “àsèdì”, ìyẹn ohun tí a sè tó dì, àmọ́ nígbà tí àtakò pọ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ kó o padà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má kó o padà.

Orúkọ púdíǹgì kò dúró sójú kan lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Láyé àtijọ́, ìfun ẹran tí wọ́n ki ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀rá sí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń jẹ ẹlẹ́jẹ̀ yẹn títí dòní. Nígbà tó yá, ó di ìyẹ̀fun tí wọ́n dì sínú aṣọ, tí wọ́n bọ̀ nínú omi gbígbóná. Ti Yorkshire, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í ní ṣúgà, ẹran ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Nílùú Ọba lónìí, ohun dídùn yòówù tó bá tẹ̀lé oúnjẹ lè jẹ́ púdíǹgì. Ní Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n fi mílíìkì sè, tó rọ̀, tó ki bí ògì ni. Tí a bá kọ “púdíǹgì” sínú ìwé, èwo nínú wọn ni ìyá tó ń ná ọjà Ìpàtà ní Ìlọrin máa sè?

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí kọ́sítáàdì. Ẹyin àti mílíìkì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣe é. Ní 1837, ní Birmingham nílùú Ọba, apòògùn kan tó ń jẹ́ Alfred Bird ṣe irú èyí tí kò lẹ́yin nínú nítorí pé ẹyin kò bá ìyàwó rẹ̀ lára mu, ìyẹ̀fun àgbàdo ló fi rọ́pò rẹ̀. Irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀ ló dé ọ̀dọ̀ wa nínú agolo. A da omi híhó sí i, a fi àkàrà mu ún, ó di àbúrò ògì. Bí ẹ bá bi ọmọ Ìlọrin kan báyìí, kò ní ronú kan ẹyin rárá. Mi ò ní ó burú. Ohun tí mo ń sọ ni pé orúkọ lè wọlé kó fi ìtumọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn odi.

Ìyá wa tó ní “ọ̀lẹ̀lẹ̀ dídùn” ní ẹ̀rí lọ́wọ́: àwọn tó ń kọ̀wé oúnjẹ wa lédè Gẹ̀ẹ́sì ti ń pe ọ̀lẹ̀lẹ̀ ní púdíǹgì ẹlẹ́wà tipẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ilé ìdáná tiwa. Nígbà tí àwọn ìyá wa lọ àgbàdo, tí wọ́n pọ́n ọn séwé bíi ti ọ̀lẹ̀lẹ̀, wọn ò pè é ní ọ̀lẹ̀lẹ̀ àgbàdo. Àbàrí ni wọ́n pè é. Nígbà tí wọ́n sì se ẹ̀wà lílọ̀ láìfi ata àti epo sí i, èkuru ni. Ohun tó wà nínú ewé yí padà, orúkọ náà yí padà. Ẹ pe ọ̀lẹ̀lẹ̀ ní Ọ̀fà níbí, ata àti ẹ̀wà ni ọ̀fun èèyàn ń retí, “dídùn” tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò lè gbà á sílẹ̀.

“Àdìdùn” dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ ti sún mọ́ ti àádùn jù. Bí èèyàn bá sì tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù láìsí àmì, ẹlòmíràn á kà á sí àdí tó dùn, òróró ekùrọ́ ni yóò wá sọ́kàn rẹ̀.

Ó ku àsèdì. Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn ìyá Fúlàní tó ń se wàrà ní àyíká Ìlọrin mọ ohun tí “dì” ń ṣe. Wàrà wà lórí iná, ó ń ṣàn, wọ́n fi omi ewé bomubomu sí i, láìpẹ́ ó kóra jọ, omi ya sọ́tọ̀. Ó dì nìyẹn. Ẹ̀kọ tó sùn mọ́jú náà dì. Iṣẹ́ púdíǹgì kò ju èyí lọ: ẹyin ló ń mú ti búrẹ́dì dì, ìrẹsì fúnra rẹ̀ ló ń mú tirẹ̀ ki. Bí iná bá le jù, ẹyin á fún omi rẹ̀ jáde, àsèdì á lu ihò wọ́tiwọ̀ti. Nítorí náà orúkọ yìí ń sọ fún alásè ohun tí yóò máa ṣọ́.

Mo dán an wò lọ́jọ́ Sátidé: búrẹ́dì àná bíbẹ́ mẹ́fà, ẹyin méjì, mílíìkì ife méjì, ṣúgà síbí mẹ́ta. Mo pò gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo fi òróró ra agolo nínú, mo dà á sí i, mo dé e, mo tò ó sínú ìkòkò ọ̀lẹ̀lẹ̀ pẹ̀lú omi díẹ̀, iná jẹ́jẹ́, bí ogójì ìṣẹ́jú. Ọmọ mi obìnrin ṣí ìdérí, ó rí i pé àárín ṣì ń mì, ó ní: “Mọ́mì, kò tíì dì o.” Ta ló kọ́ ọ? Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu rẹ̀ kí n tó sọ “àsèdì” létí rẹ̀ rárá.

Ẹni tó ní “àsèdì” ń rán òun létí ẹ̀dì àti àsèjẹ ti oníṣègùn, mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n a ń gbọ́ “dì” nínú ìdìpọ̀ náà, kò sì sẹ́ni tó ń sá fún ìdìpọ̀ ẹrù. Ẹ ṣáà rí i pé àmì ohùn ìsàlẹ̀ wà lórí rẹ̀, kó má di “dí”.

Ibi kan ṣoṣo ni mo ti yàtọ̀ sí ẹ̀gbọ́n. Wọ́n kọ “búrẹ́dì àsèdì”. A kì í sọ pé ẹ̀gúsí ọbẹ̀. Àsèdì búrẹ́dì, àsèdì ìrẹsì. Àwa ará Ọ̀fà á sì fi àsèdì ànàmọ́ kún un.

Ní ti èyí tí wọ́n ń yan bíi búrẹ́dì, “àyandì” bá a mu bí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé náà. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ìyá tí ẹ ń kọ ọ́ fún, ìkòkò ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni wọ́n ní nílé.