Oògùn ń mú mi sanra, ṣé kí n fi í sílẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́ Lágéré: Ẹ kú ilé o. Oṣù karùn-ún rèé tí mo ti ń lo olanzapine, oògùn àìsàn ọpọlọ. Orí mi ti wálé, n kò gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kì í gbọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n kílò 61 ni mo wọ̀n nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo ti di 74. Bùbá tí mo rán fún ọdún Ọlọ́jọ́ kò kọjá ìgúnpá mi. Ebi á jí mi ní aago méjì òru, màá ṣí ẹ̀kọ tútù mẹ́ta lórí ìdúró.

Ìyá Ìbejì: Má dán an wò! Èmi fi tèmi sílẹ̀ láìsọ fẹ́nì kan. Oṣù ò tíì parí tí wọ́n fi mú mi lójú ọ̀nà Modákẹ́kẹ́, láìwọ bàtà. Sọ fún dókítà. Tèmi yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó fi metformin, oògùn ìtọ̀ ṣúgà, kún oògùn mi. Àwọn mìíràn, wọ́n á pààrọ̀ olanzapine sí aripiprazole, oògùn ọpọlọ mìíràn; ìyẹn kì í sábà múni sanra tó bẹ́ẹ̀.

Bọ̀dá Kàmórù: Àbúrò, ẹlẹ́rìndòdò ńkọ́? Òun ni mo kọ́kọ́ jáwọ́ nínú rẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Lágéré: Hẹn-ẹn… ìgò méjì lójúmọ́ ni, sà. Ẹ ṣé, Ìyá Ìbejì. Ọjọ́rú ni màá rí dókítà.