Wọ́n la iṣan ẹsẹ̀ mi tán, ó tún dí: ẹ̀yin tó ti rí irú rẹ̀ ńkọ́?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àfaradà. Ká ní mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ẹlòmíì tẹ́lẹ̀ ni, ìyà tó jẹ mí ì bá dín kù. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ nìyẹn.

Iṣan ẹ̀jẹ̀ itan òsì mi ló dí. Tí mo bá rìn díẹ̀, pajápajá á di ẹran ẹ̀yìn ojúgun mi mú ṣinṣin. Tí mo bá dúró, á tú mi sílẹ̀. Wọ́n fi bàlóònù fẹ ibẹ̀, wọ́n sì ki stent sí i, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n hun bí àwọ̀n, kó má baà pàdé. Lọ́jọ́ kejì, mo rìn lọ rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn láìdúró. Omi bọ́ lójú mi. Lójú tèmi, ó parí.

Lóṣù keje, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni mo fi pa á mọ́ra. Tí èmi àti ìyàwó mi bá jọ ń rìn, tí ẹsẹ̀ bá dá mi dúró, ma yọ fóònù jáde bí ẹni tí wọ́n kọ̀wé sí. Ojú ló ń tì mí. Mo rò pé èmi ni mo ba iṣẹ́ dókítà jẹ́.

Nígbà tí mo padà lọ, wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ọrùn ẹsẹ̀ mi, wọ́n fi wé ti apá. Lẹ́yìn iṣẹ́ àkọ́kọ́, 0.95 ni. Lọ́jọ́ yẹn, 0.62. Tó bá ti wá sílẹ̀ ju 0.90 lọ, ẹ̀jẹ̀ ò ráyè kọjá dáadáa nìyẹn. Skáànì fi hàn pé inú stent gan-an ló ti há. Dókítà wá jókòó, ó ṣàlàyé: tí bàlóònù bá fẹ iṣan, ó ń dá egbò sí inú rẹ̀. Ara á máa wo egbò náà sàn, àmọ́ nígbà míì á wò ó kọjá bó ṣe yẹ, àpá á wá nípọn dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́ ló wọ́pọ̀ jù. Iṣan tó wà lókè, nínú ikùn, kì í tètè dí padà bíi ti itan àti ti abẹ́ orúnkún. Àtọ̀gbẹ ń dá kún un, sìgá náà ń dá kún un. Méjì péré ni mò ń fà lójúmọ́, mo ní kò tó nǹkan. Mo ti jáwọ́.

Wọ́n tún un ṣe. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ọmọ Màmá: Ẹ kú ìrọ́jú sà. Egbò ìka ẹsẹ̀ tí kò jiná ló gbé màmá mi dé ọ̀dọ̀ dókítà. Orí àga ni wọ́n ń sùn, torí tí wọ́n bá gbé ẹsẹ̀ sókè, ìrora ò ní jẹ́ kí wọ́n sùn. Wọ́n yọ iṣan kan lára ẹsẹ̀ wọn fúnra wọn, wọ́n fi ṣe ọ̀nà míì fún ẹ̀jẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ibi tó dí. Mo ka ìwádìí BEST-CLI tó jáde ní 2022: láàárín àwọn tí iṣan tó ṣeé yọ lò wà lára wọn, nǹkan bí 9 nínú 100 àwọn tí wọ́n ṣe irú ti màmá fún ló tún nílò àtúnṣe ńlá, ti àwọn oníbàlóònù lé ní 23. Àmọ́ ẹ má fi ìyẹn nìkan pinnu o. Ìwádìí míì, BASIL-2, ní 2023, wo àwọn tí tiwọn dí lábẹ́ orúnkún, bàlóònù ló ṣe dáadáa jù níbẹ̀. Ibi tó dí lára ẹni ni kẹ́ ẹ bi dókítà.

Lóṣù karùn-ún, skáànì rí i pé iṣan tuntun náà ti ń há. Màmá ò tíì mọ nǹkan kan lára. Wọ́n tètè fẹ̀ ẹ́, egbò sì jiná.

Arìnnà: Tèmi ò fún mi láyè. Eyín mi ń ṣẹ̀jẹ̀ tí mo bá fọ̀ ọ́, ni mo bá fọwọ́ ara mi dá oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì dúró láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Lóru ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ mi tutù rinrin, ó funfun, ìka ò ṣeé mì. Ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú stent. Ọmọ mi ò dúró kí ilẹ̀ mọ́, ó gbé mi lọ. Wọ́n ní wákàtí díẹ̀ sí i, gígé ni ì bá jẹ́. Tí oògùn bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n bá yín yí i padà.

Ẹni tó bẹ̀rẹ̀: Arìnnà, mo ka tiyín lẹ́ẹ̀mejì. Rivaroxaban 2.5 mg, irú oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì yẹn, àárọ̀ àti alẹ́, ni wọ́n fi kún ásípíríìnì mi lẹ́yìn iṣẹ́ ìkejì, mo sì ti fẹ́ máa fo ti alẹ́. Mi ò ní fò ó mọ́. Lánàá, èmi àti ìyàwó mi rìn, mo dúró lẹ́ẹ̀kan. Ó béèrè pé ṣé fóònù ni. Mo ní rárá, ẹsẹ̀ ni. Ọjọ́bọ̀ la jọ ń lọ fún skáànì.