Ṣé kí n fi Electron sílẹ̀? Áàpù mi fẹ́ pa kọ̀ǹpútà 4GB

Ọmọ Owé:
Òkun o, ẹ̀yin tèmi. Mo ń kọ áàpù fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Kabba: ta ló dáwó, ta ló yáwó, èló ló ṣẹ́ kù lọ́rùn ẹ. HTML àti JavaScript ni mo gbọ́, Electron, irinṣẹ́ tó ń sọ ojú-ewé wẹ́ẹ̀bù di áàpù kọ̀ǹpútà, ni mo fi dì í. Lórí ẹ̀rọ tèmi kò sí wàhálà. Àmọ́ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni akọ̀wé wọn ń lò, RAM 4GB. Kó ṣí áàpù náà pẹ̀lú Excel àti Chrome báyìí, títẹ lẹ́tà kan di àdúrà. Nínú Task Manager, orúkọ áàpù mi jáde níbi mẹ́rin, àpapọ̀ wọn sún mọ́ 300MB, kó tó ṣí orúkọ ẹnikẹ́ni nìyẹn o. Tó bá ṣí ìwé ọmọ ẹgbẹ́, ó tún ń gòkè. Fáìlì ìdáńlóòdù rẹ̀ lé ní 80MB, bẹ́ẹ̀ wọ́n ní ẹ̀ka ní Ìsánlú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ sì ń ṣe ségesège. Kí ló ń jẹ tó báyìí?

Bàbá Yàgbà:
Àbúrò, Chromium ni, ìyẹn ìpìlẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ Chrome. Odidi Chromium pẹ̀lú Node.js, tó ń jẹ́ kí JavaScript ṣiṣẹ́ láìsí bíráúsà, ni Electron ń dì mọ́ áàpù kọ̀ọ̀kan. Chrome tí akọ̀wé ti ṣí kò lè yá a ní ohunkóhun. Ibi mẹ́rin tí o rí yẹn: ọ̀kan ni olórí, ọ̀kan ń ya ojú-ewé, ọ̀kan wà fún GPU (ẹ̀yà tó ń ya àwòrán), ọ̀kan fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Chromium pín wọn bẹ́ẹ̀ kí ojú-ewé àjèjì kan má baà kó bá ìyókù. Ó dáa fún ẹni tó ń rìn kiri íntánẹ́ẹ̀tì. Ojú-ewé tìrẹ, ìwọ lo kọ ọ́, síbẹ̀ ó ń san owó ọdẹ.

Mi ò bú Electron o. GitHub ló ṣe é ní 2013 nítorí Atom tí wọ́n fi ń kọ kóòdù nígbà náà. VS Code tí mo fi ń kọ kóòdù lójoojúmọ́, orí Electron ló jókòó sí. Ṣùgbọ́n VS Code ń ṣe iṣẹ́ tó tó ohun tó ń jẹ.

Wo Tauri, irinṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ Electron. WebView2, ohun tó ń ya ojú-ewé tó ti wà lórí ọ̀pọ̀ Windows, ló ń lò, fáìlì rẹ á wálẹ̀ sí MB díẹ̀. Ní ti RAM, má retí iṣẹ́ ìyanu: Chromium náà ló wà nínú WebView2.

Ìyá Àkáǹtì:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Áàpù ṣe wá jẹ́, nígbà tí Chrome ti wà ní ṣíṣí? Ẹ fi sáfà kékeré kan, ìyẹn ètò tó ń gbé ojú-ewé fún Chrome, sórí kọ̀ǹpútà náà, kí akọ̀wé ṣí i bí ojú-ewé. Bẹ́ẹ̀ la ṣe níbi iṣẹ́ wa. Tí iná bá lọ, tó ku bátìrì nìkan, ó ń pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àti pé mélòó ni ọmọ ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ ń tò sójú lẹ́ẹ̀kan náà?

Ọmọ Owé:
Gbogbo wọn, mà. Wọ́n lé ní 900. Fọ́tò kálukú wà níbẹ̀, akápò ló ní dandan ni.

Bàbá Yàgbà:
Fọ́tò kẹ̀! Fọ́tò fóònù tó jẹ́ 3000 × 4000 lè má ju 2MB lọ lórí díìsìkì, àmọ́ tó bá ti tú sínú RAM, 48MB ni, báìtì mẹ́rin fún ẹ̀kán (pixel) kọ̀ọ̀kan. Sọ wọ́n di 200 × 200 kí wọ́n tó wọlé, kí o sì máa ya ìwọ̀nba orúkọ tó bá hàn lójú nìkan. Ṣe ìyẹn ná, kí o tún wo Task Manager yẹn, kí o tó gbọ́ tèmi tàbí ti Ìyá Àkáǹtì.