Wọ́n gbé sanitáísà sẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n fèrèsé wà ní títì pa

Adáhùn_Ìpè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Ìpè la máa ń dá lóhùn níbi iṣẹ́ mi. Àwa mẹ́rìnlá la wà nínú iyàrá kan, ẹnu wa kì í sì í sinmi láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó ní òtútù lásán ni. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn márùn-ún ò lè wá síṣẹ́ mọ́, àyẹ̀wò sì fi hàn pé Kòrónà ni. Èmi ò kó o, tàbí kí n kúkú sọ pé mi ò tíì kó o.

Àwọn ọ̀gá ti ṣe nǹkan sí i. Sanitáísà wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń na ẹ̀rọ tó ń wo ìgbóná ara sí wa níwájú orí, wọ́n sì fi ike tó mọ́ gaara dá àárín tábìlì kan sí èkejì. Arákùnrin kan ń nu tábìlì lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Ṣùgbọ́n fèrèsé méjèèjì wà ní títì nítorí éèsì, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i. Ìyá mi tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ṣé ohun tí wọ́n ṣe yìí tó? Bí kò bá tó, kí ni èmi tí kì í ṣe ọ̀gá lè ṣe sí i?

Ọ̀rọ̀_Pẹ̀sì:

Ó tó jàre. Ẹ fọ ọwọ́ yín, ẹ fi mítà méjì jìnnà síra yín, ẹ má fọwọ́ kan ojú. Itọ́ ni àrùn yìí ń bá rìn, itọ́ sì wúwo, ilẹ̀ ló máa já sí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín.

Nọ́ọ̀sì_Àná:

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀rọ̀_Pẹ̀sì, ẹ má bínú, mo máa ta kò yín díẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn tó ní ikọ́ ife kí n tó fẹ̀yìn tì. Itọ́ tó wúwo wà lóòótọ́, òun lẹ máa ń rí tó bá ta sí dígí. Èyí tó ń dààmú èèyàn ni èyí tó fẹ́lẹ́ débi pé ojú ò lè rí i, tó ń bá èémí jáde, tó sì ń rìn kiri inú iyàrá bí èéfín sìgá. Kò dúró de ikọ́ kó tó jáde. Ọ̀rọ̀ sísọ ń tú u síta, bí ohùn bá sì ṣe ń ròkè ló ṣe ń pọ̀ sí i. Nítorí náà, Adáhùn_Ìpè, irú iṣẹ́ tiyín yìí gan-an ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣọ́.

Ní oṣù Kẹta 2020, Kòrónà wọ ibi iṣẹ́ àwọn tó ń dá ìpè lóhùn ní ìlú Seoul, ní Kòríà. Èèyàn 216 ló wà lórí àjà kọkànlá ilé náà. Àwọn 94 ló kó o, apá ibì kan náà sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jókòó sí. Àwọn tó wà lórí àjà yòókù ń bá wọn wọ ẹ̀rọ agbéniròkè kan náà, wọ́n ń pàdé nísàlẹ̀, síbẹ̀ ẹni mẹ́ta péré ló kó o nínú wọn. Ká ní ọwọ́ ló ń gbé e kiri ni, ṣé ibi kan ṣoṣo ló máa dúró sí?

Ẹ tún gbọ́ ti ọkọ̀ òfurufú kan ní Alaska ní 1977. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kọṣẹ́, ọ̀pọ̀ èrò sì jókòó sínú rẹ̀ lórí ilẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ọkọ̀ náà ò ṣiṣẹ́. Ẹnì kan láàárín wọn ní ọ̀fìnkìn líle tí wọ́n ń pè ní influenza. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, nínú ọgọ́rùn-ún èrò, ká sọ pé 72 ti dùbúlẹ̀.

Mi ò dá ọ̀gá yín lẹ́bi tán o. Ní oṣù Kẹta 2020 yẹn kan náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé fúnra rẹ̀ kọ ọ́ síta gbàgàdà pé Kòrónà kì í gba inú afẹ́fẹ́ ràn. Ó di 2021 kí wọ́n tó yí ohùn padà kedere. Ọjọ́ tí mo ka ti àkọ́kọ́ yẹn, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo ń dá sọ̀rọ̀ bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ní àwọn ọdún 1950, ní Baltimore, wọ́n ti fi páìpù gbé afẹ́fẹ́ wọ́ọ̀dù ikọ́ ife lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹran kékeré tí wọ́n ń pè ní guinea pig, lókè ilé. Aláìsàn kankan ò fọwọ́ kàn wọ́n. Afẹ́fẹ́ lásán ni wọ́n fà símú, wọ́n sì kó ikọ́ ife.

Ìtàn tèmi nìyí. Ní ọdún kejì tí mo dé wọ́ọ̀dù, ooru ń mú wa pa. Mo gbé fáánù sẹ́yìn ibùsùn aláìsàn kan, mo kọjú rẹ̀ sí tábìlì tí mo ti ń kọ̀wé. Atẹ́gùn ń fẹ́ yẹ́ẹ́, ara tù mí. Àǹtí kan tó ṣáájú mi lẹ́nu iṣẹ́ wọlé, ó ya tíṣù tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó mú un dání láàárín èmi àti aláìsàn náà. Tíṣù yẹn na ara rẹ̀ gbọọrọ sí ojú mi. Àǹtí ò sọ nǹkan kan. Ó gbé fáánù lọ sẹ́nu fèrèsé, ó kọjú rẹ̀ síta, ó bá tirẹ̀ lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, oṣù mẹ́fà gbáko ni mo fi lo oògùn ikọ́ ife. Mi ò lè búra pé fáánù yẹn ló fà á. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí mo bá wọ iyàrá kan, ibi tí atẹ́gùn ń gbà lọ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò.

Nítorí náà, ẹ ya tíṣù. Ẹ mú un síbi àlàfo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ẹ mú un sẹ́nu éèsì, ẹ mú un sí tábìlì ẹni tó kọ́kọ́ wúkọ́ yẹn. Bí atẹ́gùn inú iyàrá bá ń pààrọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú 46 ló máa gbà kí 99 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ tó jáde. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀méjìlá, ìṣẹ́jú 23. Bí gbogbo ẹ̀ bá wà ní títì, ẹni tó wúkọ́ láàárọ̀ lẹ ṣì ń mí títí di ọ̀sán. Ike yẹn ń dá itọ́ ńlá dúró, kò lè dá èéfín dúró. Ẹ̀rọ tó ń wo ìgbóná ara ńkọ́? Èèyàn ti lè máa tú Kòrónà síta fún ọjọ́ méjì kí ara rẹ̀ tó gbóná rárá.

Alátùn-únṣe_Éèsì:

Èmi ni mo ń tún éèsì ṣe, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé páìpù tó yọ síta lára éèsì ògiri ló ń fa atẹ́gùn tuntun wọlé. Rárá o. Gáàsì àti omi ló ń gba ibẹ̀. Atẹ́gùn inú iyàrá kan náà ló ń fà, tó ń mú tutù, tó sì ń dá padà fún yín. Asẹ́ inú rẹ̀, irun àti eruku ló wà fún.

Bí ẹ bá rí ẹni tó ní ẹ̀rọ kékeré tó ń ka carbon dioxide, ìyẹn gáàsì tí a ń mí síta, ẹ yá a. Ìta gbangba máa ń wà ní nǹkan bí 420 nínú mílíọ̀nù kan. Èémí tó ń ti imú wa jáde ń lọ sí nǹkan bí 40,000. Bó bá ṣe ń ròkè sí i nínú iyàrá yín, bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe ń mí èémí ara yín tó.

Ọ̀rọ̀_Pẹ̀sì:

Ó dáa, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má wá sọ fún mi pé ìbòmú ń ṣiṣẹ́. Mo wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, mo sì tún kó o.

Nọ́ọ̀sì_Àná:

Irú èwo lẹ wọ̀, ẹ̀gbọ́n? Ṣé imú yín wà nínú rẹ̀?

Ọ̀rọ̀_Pẹ̀sì:

Aláṣọ ni. Imú… tí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀, mo máa ń fà á wálẹ̀ díẹ̀ káwọn èèyàn lè gbọ́ mi.

Nọ́ọ̀sì_Àná:

Ẹ̀gbọ́n! Ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀ gan-an!

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ ìbòmú ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1910 sí 1911, àrùn plague tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ ń pa èèyàn ní Harbin, ní ìlà oòrùn àríwá Ṣáínà. Dókítà Wu Lien-teh ní afẹ́fẹ́ ló ń gbé e, ó ní kí àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn fi òwú àti gọ́ọ̀sì bo imú àti ẹnu. Dókítà ará Faransé kan tó ń jẹ́ Mesny fojú tẹ́ńbẹ́lú ọ̀rọ̀ náà, ó wọlé lọ bá àwọn aláìsàn láìbo nǹkan kan. Ọjọ́ díẹ̀ ló fi kú.

Ìbòmú tí wọ́n ń pè ní N95 lẹ máa wá. Asẹ́ rẹ̀ ń mú ó kéré tán 95 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ohun tíntìntín yẹn, àmọ́ bó bá lẹ̀ mọ́ ojú nìkan ni. Ẹ wọ̀ ọ́, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì bò ó, kí ẹ mí jáde tagbára-tagbára. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí ojú yín tàbí tí dígí ojú yín ṣú, ó ń jò, ẹ tún irin imú rẹ̀ tẹ̀. Irùngbọ̀n kì í jẹ́ kó lẹ̀. (Mo mọ̀ pé èyí máa dun àwọn kan.)

Ìyá_Jòjòló:

Ẹ jọ̀ọ́ àǹtí nọ́ọ̀sì, wọ́n ní èéyi ti bẹ̀rẹ̀ ládùúgbò wa. Ọmọ mi pé oṣù méje. N kò lè fi ìbòmú sí i lójú.

Nọ́ọ̀sì_Àná:

Ẹ má fi sí i láéláé, ó lè sé e léèémí. Èéyi burú ju Kòrónà lọ ní ti ríràn. Bí ẹni tó ní in bá ti kúrò nínú iyàrá, ó ṣì lè wà nínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fún wákàtí méjì. Nínú ẹni mẹ́wàá tí kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tó sún mọ́ ọn, mẹ́sàn-án lè kó o. Ó sì ti ń ràn láti ọjọ́ mẹ́rin kí nǹkan tó sú síta lára. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́la, ẹ sọ fún wọn pé ó ti ń jà ládùúgbò. Irú àsìkò báyìí, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà pé kí wọ́n fún ọmọ láti oṣù mẹ́fà, a ó sì tún fún un ní ti ìgbà rẹ̀ gangan tó bá yá. Kí gbogbo ẹni tó ń gbé e mọ́ra nílé náà lọ gba tiwọn.

Adáhùn_Ìpè:

Mo padà dé. Mo yá ẹ̀rọ carbon dioxide yẹn lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kan. Ní aago mọ́kànlá àárọ̀, ó kà 2,300. Mo rò pé ó ti bàjẹ́ ni, mo gbé e jáde síta, ó sọ̀ kalẹ̀ sí 430. Mo gbé e padà wọlé, mo gbé e sórí tábìlì ọ̀gá láìsọ̀rọ̀ (mo kọ́ ìyẹn lára àǹtí oníTíṣù). Ó wò ó títí. Ó ní ariwo ìta máa wọnú ìpè. A wá fẹnu kò sí pé ká ṣí fèrèsé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú gbogbo wákàtí, kí ilẹ̀kùn sì wà ní ṣíṣí jálẹ̀. Lónìí, kò kọjá 1,100. Èmi àti ẹni méjì ń wọ N95, mo sì ń wọ̀ ọ́ nílé náà tí mo bá wà lọ́dọ̀ ìyá mi títí ọ̀sẹ̀ yìí fi máa parí.

Wàhálà kan ló kù. Fèrèsé kejì ò ṣí. Wọ́n fi ọ̀dà kùn ún mọ́ férémù rẹ̀. Kẹ́míkà wo ló lè tú u?

Alátùn-únṣe_Éèsì:

Ẹ má da kẹ́míkà sí i níbi tẹ́ ẹ ti ń mí. Ọ̀bẹ pẹlẹbẹ ni kẹ́ ẹ fi la etí ọ̀dà náà yípo, kẹ́ ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá igi férémù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má gbá dígí.