Báwo ni Kristẹni ṣe yẹ kí ó ṣètò owó ìfẹ̀yìntì?

Olùkọ́ Àjàṣẹ́ béèrè pé:

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín o. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan níhìn-ín ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́, mo sì máa tó pé ẹni 60 ọdún, tí í ṣe ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì lọ́dọ̀ CNSS, àjọ tí ó ń san owó ìfẹ̀yìntì fún àwọn òṣìṣẹ́ aládàáni. Ilé ẹ̀kọ́ yóò san owó ìdágbére fún mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn náà ni owó ìfẹ̀yìntì yóò bẹ̀rẹ̀. Owó ìdágbére yìí kò tíì wọlé tí gbogbo ènìyàn ti mọ ohun tí ó yẹ kí n fi ṣe. Ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ìjọ wa ń retí ọrẹ ńlá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti rí ibi tí wọ́n ń san èlé ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù. Ìyàwó mi, tí ó ń ta epo pupa ní ọjà Wàndó, fẹ́ kí á kan páànù sí yàrá méjì tí a ti kọ́ dé orí fèrèsé. Arákùnrin kan sì sọ fún mi lẹ́yìn ìsìn pé ẹni tí ó bá ń tọ́jú owó nítorí ọjọ́ ogbó kò gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run tó. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Kétu dáhùn pé:

Olùkọ́ wa, ẹ kú oríire, nítorí ẹni tí ó ṣiṣẹ́ títí tí ó fi fẹ̀yìn tì ní àlàáfíà yẹ ní kíkí. Nínú Númérì 8, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni ó pàṣẹ pé kí àwọn ọmọ Léfì fi iṣẹ́ àgọ́ sílẹ̀ tí wọ́n bá ti pé ẹni 50 ọdún. Jósẹ́fù tọ́jú ìdá kan nínú márùn-ún irè oko Íjíbítì ní ọdún méje ọ̀pọ̀, ìyẹn ni Ọlọ́run sì fi dá ẹ̀mí bàbá rẹ̀ àti àwọn arákùnrin rẹ̀ sí. Ọlọ́rọ̀ inú Lúùkù 12 kò jẹ̀bi nítorí pé ó kọ́ àká. Ó jẹ̀bi nítorí pé ara rẹ̀ nìkan ni ó rò, kò ro ti Ọlọ́run tàbí ti ẹnikẹ́ni.

Kí ẹ tó pín owó ìdágbére, ẹ lọ béèrè àkọsílẹ̀ gbogbo oṣù tí wọ́n ti dáwó fún yín ní CNSS. Agbanisíṣẹ́ ń san ìdá 6.4 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n á sì yọ ìdá 3.6 lára owó oṣù tiyín, ṣùgbọ́n pé wọ́n yọ ọ́ kì í ṣe ẹ̀rí pé ó dé ibi tí wọ́n ní kí ó dé. Oṣù 180 ni ó gbọ́dọ̀ pé kí owó ìfẹ̀yìntì tó lè máa wọlé títí ọjọ́ ayé yín. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá pé, owó ẹ̀ẹ̀kan ni wọn yóò fún un. Oṣù 180 yẹn ń mú ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìpíndọ́gba owó oṣù wá, ọdún kọ̀ọ̀kan tí ó lé lórí rẹ̀ sì ń fi ìdá 2 kún un, tó fi jẹ́ pé ẹni tí ó dáwó fún ọdún 25 yóò máa gba ìdajì. Nítorí náà, láti ìsinsìnyí ni kí ẹ ti máa ná ìdajì owó oṣù yín, kí ẹ sì kó ìyókù sí CLCAM, ilé ìfowópamọ́ alájẹṣẹ́kù; ibi tí bàtà ti ń ta yín lẹ́sẹ̀ yóò hàn nígbà tí ẹ ṣì lè tún un ṣe.

Ní ti èlé ìdá 10 yẹn, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá. Ta ni ó ti gbàgbé ICC Services, ilé iṣẹ́ tí ó fi ìlérí èlé ńlá gba owó ènìyàn tí ó sì wó ní ọdún 2010, àti iye àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ tí kò rí owó wọn gbà mọ́? Irú ètò bẹ́ẹ̀, owó ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni wọ́n fi ń san èlé ẹni tí ó ti wà níbẹ̀. Bí ẹni tí ó mú un wá bá tilẹ̀ fi orúkọ Jésù bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹ túbọ̀ béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá Onígàrí, Ṣábẹ̀ẹ́, dáhùn pé:

Bàbá wa ti sọ̀rọ̀, mo sì gbà á, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyàwó yín ni ó ká mi lára. Ṣé ẹ ní ìwé ìgbéyàwó ti mẹ́ríì, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba ìlú? Ìgbéyàwó inú ìjọ nìkan kò tó lójú òfin ilẹ̀ wa. Bí ọlọ́jọ́ bá dé, opó tí kò ní ìwé yẹn lè má rí owó tí ó tọ́ sí i gbà. Yàrá tí a ti kan páànù sí ń mú owó ayálégbé wá lóṣooṣù, èyí tí kò ní páànù sì wà fún òjò. Mo bẹ̀ yín, ẹ gbọ́ ti ìyàwó yín ṣáájú ti ìgbìmọ̀. Nínú Máàkù 7, Jésù bá àwọn tí ó ń fi ọrẹ Ọlọ́run bojú láti má ṣe bọ́ òbí wọn wí gan-an.

Alàgbà Mẹ́tọ́díìsì dáhùn pé:

Òótọ́ ni Ìyá wa sọ, ṣùgbọ́n kí ìjọ má di ẹni ìkẹyìn tí a ó rántí. Bí ẹ bá ti ń san ìdámẹ́wàá lára owó oṣù, ẹ san án lára owó ìdágbére náà, lẹ́yìn náà kí ẹ sọ iye tí ẹ lè dá fún ìkọ́lé fún ìgbìmọ̀ ní kọ̀rọ̀, kí ẹ sì dúró lórí rẹ̀. 2 Kọ́ríńtì 8:12 wí pé ohun tí ènìyàn ní ni a fi ń gba ọrẹ rẹ̀, kì í ṣe ohun tí kò ní.

Olùkọ́ Àjàṣẹ́:

Ọlọ́run yóò bùkún yín. Mo ti kọ̀wé béèrè àkọsílẹ̀ náà, mo sì ti dá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lóhùn pé rárá. Ìwé mẹ́ríì wà. Ọ̀kan ni ó kù: orúkọ bàbá mi olóògbé ni ilẹ̀ yàrá méjì yẹn wà, ẹbí ti pín in lẹ́nu, wọn kò kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣé kí n kan páànù ná?

Bàbá Kétu:

Rárá o, Olùkọ́. Ẹ pe ẹbí jọ, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí ìpín náà lójú ẹlẹ́rìí, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ìwé ilẹ̀ lórúkọ ẹ̀yin àti ìyàwó yín. Kí owó páànù wà ní CLCAM títí ìwé yóò fi jáde.