Iná "check engine" tàn lọ́jọ́ kẹta tí mo ra 350Z tòkunbọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ_Mókọ́lá

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó bá mọ̀ nípa Nissan 350Z kó jọ̀ọ́ dá mi lóhùn, oorun ò kùn mí láti bí ọjọ́ mẹ́rin.

Ọkọ̀ yìí ni mo ti ń lá àlá ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ń ṣe agùnbánirọ̀, owó tí mo fi ọdún márùn-ún tọ́jú ló lọ sí i. Ti 2005 ni, gíà manual, Amẹ́ríkà ló ti wá, 109,000 máìlì ló wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹnì kan tó ń ta mọ́tò l'Ékòó ni mo rà á lọ́wọ́ ẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo lọ wò ó, mo yí kọ́kọ́rọ́, gbogbo iná tàn, mo sítáàtì ẹ̀, gbogbo wọn kú, ẹ́ńjìnnì ń dún bó ṣe yẹ kó dún, inú mi dùn, mo sanwó. Ọjọ́ kẹta ni mo ń gbé e bọ̀ n'Íbàdàn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Ògèrè báyìí, àfi bí iná yẹ́lò kan tó rí bí ẹ́ńjìnnì kékeré ṣe tàn. Kò ṣẹ́jú o, ó kàn tàn kalẹ̀ ni. Láti ìgbà yẹn, tí mo bá ti dúró nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, ọwọ́ RPM (tó ń sọ iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) á máa lọ sókè sódò láàárín 500 sí 900, tí mo bá sì fẹ́ ṣí kúrò lójú kan á kọ́kọ́ fà sẹ́yìn díẹ̀ kó tó gbéra.

Mẹkáníìkì mẹ́ta ló ti rí i. Ti àkọ́kọ́ ò tiẹ̀ tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó fi ní katalístì, agolo tó ń fọ èéfín ẹ́ńjìnnì mọ́, ló dí, pé ká gé e, òun á bá mi wá ẹni tó máa rà á. Ìkejì ní brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ni. Ìkẹta ní òun á yọ gílóòbù iná yẹn kúrò kí ọkàn mi lè balẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi ní tiẹ̀ ní kí n yọ orí bátìrì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo yọ ọ́, iná lọ lóòótọ́, mo ti ń dúpẹ́, ọjọ́ méjì lẹ́yìn ẹ̀ ó tún padà.

Ṣé kí n páàkì ẹ̀ ni àbí mo ṣì lè máa wà á? Èwo nínú ọ̀rọ̀ wọn ni kí n gbà?

Rẹwáyà_Abẹ́òkúta

Àbúrò mi, kú ìnáwó o, wàá gùn ún gbó. Kọ́kọ́ fọkàn balẹ̀. Iná yẹ́lò tó tàn kalẹ̀ tí kò ṣẹ́jú, o ṣì lè rọra wà á lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò, má ṣá fi sáré. Èyí tó bá ń ṣẹ́jú pàkàpàkà lo gbọ́dọ̀ bẹ̀rù, torí ìyẹn ń sọ pé sílíńdà kan, ihò tí epo ti ń jó nínú ẹ́ńjìnnì, ò jó epo dáadáa, epo tí kò jó yẹn á bọ́ sínú katalístì, ibẹ̀ lá ti wá jó, á sì yọ́ inú ẹ̀ dànù. Tó bá wá jẹ́ iná pupa, ti ọ́ìlì tàbí ti ooru ẹ́ńjìnnì, ibi tó bá ká ọ mọ́ ni kó o ti pa á, má sọ pé ó ku díẹ̀ kí n délé.

Má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gé katalístì ẹ. Platinum, palladium àti rhodium ló wà nínú ẹ̀, owó gidi ni, ìdí tí ẹnu àwọn kan fi máa ń yá láti sọ pé ó dí nìyẹn. Èyí tó ní òun á yọ gílóòbù, má padà sọ́dọ̀ ẹ̀ mọ́. Iná yẹn ni ẹnu tí ọkọ̀ fi ń bá ọ sọ̀rọ̀.

Ní ti bátìrì, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi ń kọ àìsàn sílẹ̀, lo pa rẹ́, àìsàn ẹ̀ wà níbẹ̀ síbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ àìsàn, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kì í tan iná lójú ẹsẹ̀, á rí i lẹ́ẹ̀kan, á fi pamọ́, tó bá tún rí i lẹ́ẹ̀kejì tí o wa ọkọ̀ jáde ló máa tó tàn án. Ìdí tó fi gba ọjọ́ méjì mẹ́ta nìyẹn, ó sì jọ lójú mi pé wọ́n ti pa á rẹ́ kó o tó dé ibẹ̀ lọ́jọ́ tó o lọ rà á. Skánà, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù, ì bá fi hàn ọ́ lọ́jọ́ yẹn, ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní readiness, tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù rẹ́, ọ̀pọ̀ nǹkan níbẹ̀ á sọ pé òun ò tíì parí àyẹ̀wò. Ní báyìí ìwọ náà ti yọ bátìrì, ẹ̀rí yẹn ti lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra mọ́tò lọ́la, ẹ mú skánà dání o, ẹ má fi ojú lásán wo dáṣíbọ́ọ̀dù.

Ra ELM327, skánà kékeré tó ń lo Bluetooth, fi app tó ń ka kóòdù sórí fóònù ẹ. Bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lápá steering, wàá rí ihò pulọ́ọ̀gì kan tó ní ojú 16, gbogbo mọ́tò kékeré tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní in. Ki í bọ̀ ọ́, ka kóòdù, kó o sì ya fọ́tò freeze frame ẹ̀, ibẹ̀ ló ti máa sọ eré tí ọkọ̀ wà lórí ẹ̀ àti bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó nígbà tó tàn. Má pa nǹkan kan rẹ́. Kó gbogbo ẹ̀ wá síbí.

Ọmọ_Mókọ́lá

Ẹ ṣeun gan-an ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ọlọ́run á máa gbọ́ tiyín. Mo ti rà á, ohun tí mo rí nìyí: P0171 àti P0174, àwọn méjì péré. Freeze frame ní ọkọ̀ dúró sójú kan, ẹ́ńjìnnì ti gbóná. Mo tún wo ohun tí app ń pè ní long term fuel trim, tó bá dúró sójú kan +22 ni apá kan, +21 ni apá kejì. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ dé 2,500 tí mo mú un dúró síbẹ̀, á rọra wálẹ̀ sí bíi +6. Kí ni ìtumọ̀ ẹ̀?

Adé_Sángo

Bọ̀dá, ẹ yí oxygen sensor mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń yẹ èéfín wò padà, ẹ tún fi plọ́ọ̀gì mẹ́fà tuntun sí i, ẹ ò ní gbúròó ẹ̀ mọ́. P0171 kì í ṣe nǹkan méjì, sensor ni.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Peckham

Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Mazda MX-5 lèmi ń wà níbí ní London, irú ẹ̀ ṣe mí lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ kẹsàn-án tí mo rà á. Tèmi yá torí ọwọ́ oníṣòwò ni mo ti rà á, Consumer Rights Act ti 2015 sì fún èèyàn ní ọjọ́ 30 láti dá ọjà tó ní àbùkù padà, mo fi kóòdù hàn án, mo fi risíìtì hàn án, ó tún un ṣe. Tó bá jẹ́ ọwọ́ aládàáni ni, òfin yẹn ò ní bá mi dé ibẹ̀. Níbí ìwọ náà ò tiẹ̀ lè ní kí wọ́n yọ gílóòbù, tí iná yẹn bá ń tàn nígbà MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ tí ìjọba ń béèrè, wọ́n á ní ọkọ̀ ò yege. Nàìjíríà náà ní òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti 2018, àjọ FCCPC ló wà nídìí ẹ̀, torí náà ẹ má ju risíìtì nù, ẹ tọ́jú gbogbo ohun tí ẹni yẹn kọ sí yín lórí WhatsApp.

Bàbá_Ládípọ̀

Adé, mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n má jẹ́ ká ná owó ọmọ ọlọ́mọ. Kóòdù ò sọ pé sensor bàjẹ́. Ohun tó sọ ni pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ, sensor ló sì fi tó wa létí, a ò lè tìtorí pé ìránṣẹ́ mú ìròyìn burúkú wá ká wá lé ìránṣẹ́ lọ.

Ọmọ mi, gbọ́. Ẹ́ńjìnnì ẹ V6 ni, sílíńdà mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì. P0171 ń sọ ti apá kan, P0174 ń sọ ti apá kejì. Ó ṣòro kí sensor apá méjèèjì bàjẹ́ lọ́jọ́ kan náà, kí méjèèjì sì máa ka iye kan náà. Nǹkan tí apá méjèèjì jọ ń lò ni kó o wá lọ. Bóyá MAF tó ń wọn afẹ́fẹ́, bóyá rọ́bà tó gbé afẹ́fẹ́ láti ibẹ̀ lọ sí throttle, ìyẹn ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, bóyá pọ́ǹpù epo. +22 yẹn túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpútà ń bu epo ìdá méjìlélógún nínú ọgọ́rùn-ún kún èyí tó yẹ kó bù kí iná ẹ́ńjìnnì má baà kú. Tó bá jẹ́ pọ́ǹpù epo ni, bó o bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni nọ́ńbà á máa gòkè. Tìẹ ń wálẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń wọlé látibi tí MAF ò ti rí i nìyẹn. Tí ọkọ̀ bá dúró, afẹ́fẹ́ tó ń fà kéré, èyí tó ń jí wọlé á hàn, tó bá ń sáré, afẹ́fẹ́ pọ̀, ti olè yẹn á kéré sí i.

Ó kù, ṣé fíltà afẹ́fẹ́ tó bá a wá ló ṣì wà níbẹ̀? Àwọn tó ń lo irú mọ́tò eléré yìí ní Amẹ́ríkà fẹ́ràn láti yọ páálí fíltà dànù kí wọ́n fi èyí tó rí bí àrọ sí i, kó lè dún. Ibẹ̀ ni wàhálà ti sábà ń bẹ̀rẹ̀. Tú u. Fi ọwọ́ tẹ gbogbo ìṣẹ́po rọ́bà yẹn, ṣí inú ìṣẹ́po wò, torí ibẹ̀ ló ti máa ń ya. Tó ò bá rí nǹkan, jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, fi ìgò tí wọ́n fi ń fín omi fín in díẹ̀díẹ̀ sára rọ́bà, jìnnà sí wáyà, ibi tí ẹ́ńjìnnì bá ti yí ohùn padà, ibẹ̀ ni. Àwọn kan máa ń fi carburettor cleaner ṣe é, mi ò gbà fún ẹ, iná lè sọ lórí ẹ́ńjìnnì tó gbóná.

Tó o bá máa fọ MAF, èyí tí wọ́n kọ MAF sí lára ni kó o rà, fín in, jẹ́ kó gbẹ, má fi àkísà kàn án, wáyà inú ẹ̀ tín-ínrín gan-an. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìka ti butterfly throttle ẹ láti fọ̀ ọ́, lórí Nissan yìí RPM lè gòkè lẹ́yìn ẹ̀, àfi kí wọ́n tún kọ́ kọ̀ǹpútà bí á ṣe máa dúró sójú kan.

Ọmọ_Mókọ́lá

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ o. Ẹ̀yin náà ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, mo dọ̀bálẹ̀.

Fíltà pupa tó rí bí àrọ ló wà níbẹ̀ lóòótọ́! Ọ́ìlì tí wọ́n fi sára ẹ̀ pọ̀ débi pé ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo tú rọ́bà yẹn sílẹ̀, lójú lásán mi ò rí nǹkan kan, dúdú ni, ó ń dán, mo ti fẹ́ dá a padà. Mo wá rántí ohun tẹ́ ẹ sọ, mo ká a bí ẹni ká ẹní, ìṣẹ́po kejì bá là, ojú ọgbẹ́ kan yọ nínú ẹ̀ tó gùn tó àtàǹpàkò mi, tí mo bá dẹwọ́ á tún pa dé bí ẹnu ìgbín. Kílíìpù tó wà lápá throttle náà ò dì, ọwọ́ lásán ni mo fi yí i. Ẹ́ńjìnnì ń mì nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, ó ń ṣí i, ó ń pa á dé, ìdí tí ọwọ́ RPM fi ń jó nìyẹn.

Mo we téèpù wáyà mọ́ ọn nípele mẹ́ta ná, mo di kílíìpù, mo fín MAF, mo jẹ́ kó gbẹ fún bíi wákàtí kan. Mi ò pa kóòdù rẹ́. Mo ń wà á lọ síbi iṣẹ́ mo sì ń wo nọ́ńbà yẹn, lọ́jọ́ kejì ó ti wálẹ̀ sí +9, lónìí +3 ni apá kan, +2 ni apá kejì. Láàárọ̀ yìí, ní ìkòríta Mókọ́lá, mo sítáàtì ọkọ̀ tán, iná ò sí níbẹ̀ mọ́. Mo tún pa á, mo tún tàn án, kò sí. RPM dúró sí 650 gbáà.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó tà á fún mi, mo ti fọ́tò kóòdù àti ti rọ́bà ránṣẹ́ sí i, ó ti kà á, kò tíì fèsì.

Bàbá_Ládípọ̀

Káre láéláé. Téèpù yẹn ò ní pẹ́ o, ọ́ìlì àti ooru á tú u. Wá rọ́bà tuntun àti páálí fíltà tó bá ọkọ̀ wá, kó o kó fíltà pupa yẹn kúrò. Tó o bá dé Ládípọ̀, mú èyí tó ya dání kí wọ́n má ta ti ọkọ̀ mìíràn fún ọ, kó o sì ká a wò kó o tó sanwó.